Bí ẹ ṣe lè fi pàlàkà gúáfà tútù ṣe igi àwọ̀n eléèkù

Àwọ̀n tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí apẹja ń fọ́n sódò láti inú ọkọ̀. Àwọ̀n eléèkù ni mo ń wí, èyí tó ní òrùka lẹ́nu, tó ní igi gígùn tí à ń dì mú, tí a fi ń bu ẹja láti inú omi. Ẹni tó bá ń sin àrọ̀ lẹ́yìnkùlé mọ̀ pé èèyàn ò lè máa bá a lọ láìní in, torí àrọ̀ tó ti tó kílò kan kì í dúró kéèyàn fi ọwọ́ lásán gbé e. Á yọ̀ bọ́, á sì tún fi ẹ̀gún lẹbẹ́ rẹ̀ gún èèyàn lọ́wọ́.

Irin ni wọ́n fi ń ṣe òrùka èyí tó wà lọ́jà. Mo lo ọ̀kan fún bí ọdún méjì. Ọ̀dà ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ bó, lẹ́yìn náà ó dógùn-ún, ibi tí wọ́n ti jó òrùka pọ̀ mọ́ èèkù wá já lọ́jọ́ tí mo ń kó ẹja fún oníbàárà. Ṣóńṣó irin yẹn la tapólíìnì pọ́ọ̀ǹdù mi, ìyẹn adágún omi tí mo ń sin ẹja sí, ojú rẹ̀ gùn tó ìka mẹ́ta. Kí n tó rí ibi tó ti ya, gbogbo ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti di ẹrọ̀fọ̀. Òrùka igi tó dán kì í ya tapólíìnì. Ìyẹn nìkan ti tó fún mi, ká má tíì sọ̀rọ̀ owó.

Tí ẹ bá ro gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, kò ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Dídúró dè é ló pọ̀, torí igi náà á lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹja lọ́la, kó lọ yá àwọ̀n.

Wíwá pàlàkà

Ibí ni iṣẹ́ wà. Tí ẹ bá yan ẹ̀ka dáadáa, ẹ ti ṣe ìdajì. Tí ẹ bá ṣì í yàn, kò sí ọgbọ́n tí ẹ máa dá lẹ́yìn náà tó máa gbà á sílẹ̀.

Ohun tí à ń wá ni ibi tí ẹ̀ka kan ti pín sí méjì, bí igi rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ, àmọ́ kí apá rẹ̀ gùn gan-an. Ìdí ẹ̀ka yẹn ló máa di èèkù, apá méjèèjì la máa tẹ̀ kí wọ́n pàdé níwájú, kí wọ́n di òrùka. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní sí oríkèé kankan láàárín èèkù àti òrùka. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà máa ń wà nígbà tí ẹja bá ń jà nínú àwọ̀n, ibẹ̀ náà sì ni tèmi onírin ti já.

Gúáfà ni mo fẹ́ràn jù, tàbí gúrófà, bí ẹ bá ṣe ń pè é níbi tiyín. Ẹni tó bá ti fi ṣe igi rọ́bà rí nígbà èwe kò nílò àlàyé: igi náà le, ó sì ń tẹ̀ láìṣẹ́. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ṣeé lò, àmọ́ gbogbo ibi tí ẹ̀gún ti yọ lára rẹ̀ ló máa ń le bí kókó, ọ̀bẹ kì í sì í gba ibẹ̀ dáadáa. Ẹ má wulẹ̀ wo ọ̀dọ̀ igi mọ̀ríńgà, làpálàpá tàbí ẹ̀gẹ́. Fùlẹ̀fùlẹ̀ ni inú wọn. Igi tó bá ń sun oje funfun bíi wàrà, ẹ fi í sílẹ̀. Oje igi oró, bí àpẹẹrẹ, tó bá ta sí èèyàn lójú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ìwọ̀n tí mo ń lò rèé. Mo fẹ́ kí ẹnu àwọ̀n fẹ̀ tó ìnṣì 14. Ẹ fi 22 sọ 14 di púpọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà 7, ẹ máa rí 44. Iye ìnṣì tó yí òrùka náà ká nìyẹn. Apá kọ̀ọ̀kan máa gbé ìdajì rẹ̀, ìyẹn 22. Mo tún fi 4 lé ti apá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè gorí ara wọn ní ìnṣì 8 níbi tí wọ́n bá ti pàdé. Nítorí náà, apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gùn tó ìnṣì 26. Mo máa ń wá èyí tó tó 30, torí ṣóńṣó ẹ̀ka máa ń tín-ín-rín jù, a ó sì gé e dànù. Èèkù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tó fún pọ́ọ̀ǹdù kékeré. Tí pọ́ọ̀ǹdù yín bá fẹ̀, ẹ wá márùn-ún.

Nípa sísanra, kí apá náà tó ìka ìfábẹ̀lá níbi tó ti yà, kó sì máa tín-ín-rín bọ̀ títí á fi tó ọmọńdinrín níparí. Ohun tí mo máa ń wò jù ni pé kí apá méjèèjì sanra dọ́gba. Èyí tó bá tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, èyí tó sanra á dúró gbọnin bí ẹni pé wọn ò bá a sọ̀rọ̀, òrùka yín á wá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹnu ẹni tí eyín ń dùn. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ká apá kan mọ́, kí ẹ gbé ọwọ́ náà lọ sára èkejì láìṣí i. Tó bá fún tàbí tó bá yọ̀ jù, ẹ máa wá òmíràn. Mo ti yí igi gúáfà mẹ́ta ká rí kí n tó rí ọ̀kan tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni ara gúáfà tí wọ́n ti gé nígbà kan rí. Ẹ̀ka tó bá rú láti ibẹ̀ máa ń lọ sókè tààrà, kókó kì í sì í pọ̀ lára rẹ̀. Ẹ tọrọ lọ́wọ́ onígi o. Ayùn ni kẹ́ ẹ fi gé e, ẹ má fi àdá ṣá a, torí ipá àdá máa ń la igi wọ inú láìjẹ́ kéèyàn tètè rí i. Ẹ gé e kí ìdí rẹ̀ fi bí ìbú ọwọ́ kan gùn ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ.

Bí ẹ bá ti gé e, ẹ já gbogbo ewé ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ewé kì í mọ̀ pé wọ́n ti gé òun, á ṣì máa fa omi inú igi síta, omi yẹn gan-an la sì nílò. Ọjọ́ kan náà ló yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí iṣẹ́ mìíràn bá dí yín lọ́wọ́, ẹ rì í sínú omi di ọjọ́ kejì.

Bíbó èèpo àti fífá

Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ kúrò. Nígbà òjò, fẹ̀rẹ̀ ló ń ṣí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa làágùn díẹ̀. Ẹ ré gbogbo ẹ̀ka kéékèèké tó wà lára apá dọ́gba pẹ̀lú igi, ẹ má fi kùkùté sílẹ̀, torí ojú àwọ̀n máa ń há sí i.

Ẹ wá gbé apá kan lé orókùn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé orí, kí ẹ máa wò ó. Ó yẹ kó tẹ̀ bí ọrun. Ibi tó bá dúró tààrà láì tẹ̀, ibẹ̀ ló sanra jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀bẹ ń lọ. Ibi tó bá fẹ́ ṣẹ́ igun, ibẹ̀ ló tín-ín-rín jù. Ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ fá ibi tó wà lókè rẹ̀ àti ibi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu.

Ẹ jọ̀ọ́, inú nìkan ni kẹ́ ẹ ti fá a, ìyẹn ojú tí apá méjèèjì fi kọ ara wọn. Tí igi bá tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà, inú rẹ̀ ń sún kì. Igi tútù lè fara da sísúnkì, nínà ni kì í fara dà. Tí ẹ bá ti fi ọ̀bẹ gé okùn ara igi lẹ́yìn, ibi tẹ́ ẹ gé yẹn ni yóò ti gbéra, tí yóò sì là títí. Òrùka àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ẹ̀yìn ni mo fá kó lè dán kó sì wu èèyàn. Ó dún pàú lọ́wọ́ mi kí n tó tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì.

Ọwọ́ tó di ọ̀bẹ, kó máa lọ síwájú, kúrò lọ́dọ̀ yín. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa mú un, bí ìgbà tí à ń bó ọsàn.

Títẹ̀ ẹ́

Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ fi okùn náílọ́ọ̀nù wé ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ̀ka ti pín, bí ìnṣì méjì, kó fún dáadáa. Tí ẹ kò bá ṣe é, pàlàkà máa là sísàlẹ̀ wọ inú èèkù nígbà tẹ́ ẹ bá ń fa apá méjèèjì.

Ẹ wá korobá tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó bí ìnṣì 13. Mo mú un kéré sí 14 torí igi máa ń fẹ́ padà síbi tó ti ń bọ̀. Tí ẹ bá tú u lẹ́yìn tó gbẹ, á ṣí díẹ̀. Ẹ fi yanrìn kún korobá náà kó má bàa tẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ lórí páànù.

Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná. Àwọn kan máa ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìfi iná sí i, ó sì máa ń gbà nígbà mìíràn. Èmi kì í fi igi tí mo fi ọjọ́ kan wá ṣe tẹ́tẹ́. Ẹ fi àkísà tàbí aṣọ ìnura àlòkù wé apá méjèèjì láti pàlàkà dé ṣóńṣó, kí ẹ máa da omi híhó sí i díẹ̀díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15, kí aṣọ náà máa gbóná ní gbogbo ìgbà. Kétùlù méjì tó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà.

Ẹ tú aṣọ náà, kí ẹ yára. Ẹ gbé pàlàkà ti ara korobá, kí ẹnìkan dì í mú níbẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi orókùn tẹ̀ ẹ́. Ẹ má di ṣóńṣó mú kẹ́ ẹ máa fà á. Ìyẹn ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe. Ṣóńṣó tín-ín-rín, ó máa tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí apá, níbi tó sanra, ni kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ mọ́ korobá, kí ẹ sì máa sún àtàǹpàkò lọ síwájú ní ìwọ̀n ìka kan-ìka kan. Apá òsì díẹ̀, apá ọ̀tún díẹ̀. Ẹ máa tẹ́tí sí i. Igi tó dákẹ́ kò níṣòro. Tó bá ń ta ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ bí iyọ̀ nínú iná, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ da omi gbígbóná sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó máa bá a lọ. Tí èérún kan bá gbéra lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ò tíì bàjẹ́: ẹ fi òwú wé ibẹ̀ kó fún, kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ṣóńṣó méjèèjì bá ti kọjá ara wọn, ẹ so wọ́n pọ̀ ní ojú méjì. Ìrísí rẹ̀ kò ní rí róbótó pátápátá. Níbi pàlàkà, á ṣe ṣóńṣó díẹ̀ bí ìdí ẹyin. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ yọ ọ́ lára korobá, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Tí apá kan bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ fi búlọ́ọ̀kù méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú àárín rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó má bàa pa dé tàbí kó fẹ̀ jù bó bá ń gbẹ.

Gbígbẹ

Ibòji ni, kì í ṣe oòrùn. Ìdí èèkù àti ṣóńṣó ni omi ti ń tètè jáde, ibẹ̀ sì ni igi ti máa ń sán. Ẹ yọ́ àbẹ́là sí ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, ẹ gbé e sínú ilé, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò mọ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ fẹ́ kó gbẹ. Ẹ gbé e sókè ju ibi tí ewúrẹ́ lè nà dé.

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, orí àjà tó wà lókè ààrò ni wọn ì bá kó o sí. Èéfín tó ń fẹ́ sí i lójoojúmọ́ kì í jẹ́ kí kòkòrò ráyè sọ inú igi di lẹ́búlẹ́bú. Ẹni tó bá ṣì ń fi igi dáná, kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa oní-gáàsì, ká kàn máa wò ó dáadáa: tẹ́ ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ti wọlé nìyẹn.

Igi máa ń sún kì bó bá ń gbẹ, okùn tẹ́ ẹ so á wá dẹ̀. Ẹ máa tún un so lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ? Òṣùwọ̀n tẹ́ ẹ fi ń wọn ẹja ni kẹ́ ẹ gbé e lé. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá wúwo bákan náà lọ́sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra, ó ti gbẹ. Tèmi sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà òjò a máa tó mẹ́fà.

Síso ṣóńṣó méjèèjì pọ̀

Ẹ tú okùn. Ẹnu òrùka á ṣí díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ẹ ṣàmì sí ibi tí ṣóńṣó méjèèjì ti gorí ara wọn, ìnṣì 8, kí ẹ gé èyí tó bá ṣẹ́kù. Ẹ fi ọ̀bẹ fá ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan ní gbọọrọ, kó pẹlẹbẹ bí ahọ́n, kí ti ọ̀kan lè sùn sórí ti èkejì láìsí gegele. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí ojú oòrùn, kò yẹ kí ìmọ́lẹ̀ gba àárín wọn kọjá.

Ìsinsìnyí ni gọ́ọ̀mù kàn, èyí tí omi kì í tú, irú èyí tí wọ́n ń fi túùbù méjì pò pọ̀. A ò lè fi í síbẹ̀ nígbà tí igi ṣì tutù, torí kì í mú. Ẹ fi òwú dè é, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú.

Lẹ́yìn náà la máa fi okùn náílọ́ọ̀nù wé e lọ́nà tí kókó kankan kò fi ní yọ. Ẹ ká ìparí okùn náà padà kó ṣe ojú kan tó gùn tó ìnṣì 10, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ibi àsopọ̀, kí orí ojú náà kọ sí ọ̀tún yín, kí etí okùn sì yọ lọ́wọ́ òsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òsì, kí ẹ máa wé okùn yòókù lé e lórí lọ sí ọ̀tún, kí wíwé kọ̀ọ̀kan máa fara kan èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó bá ku ìwọ̀n ìka kan kó dé orí ojú náà, ẹ gé okùn, kí ẹ ki etí rẹ̀ bọ inú ojú yẹn. Ẹ wá fa etí ọwọ́ òsì. Ẹ máa rí i tí ojú náà ń wọlé, tó ń wọ́ etí kejì lọ sábẹ́ wíwé. Tó bá dé àárín, ẹ dúró, ẹ gé etí méjèèjì kúrò. Kò sí kókó, kò sí ohun tí tapólíìnì máa há sí. Okùn tí ẹ wé sí ìsàlẹ̀ pàlàkà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ tún un wé lọ́nà yìí kan náà.

Ọ̀nà kan ò wọjà ṣá o. Ẹni tí kò bá rí pàlàkà tó dáa lè tẹ pankẹ́rẹ́ tútù kan tó gùn kó di òrùka, kó gbẹ́ ojú méjì sí ẹ̀gbẹ́ èèkù, kó tẹ́ etí pankẹ́rẹ́ sínú wọn, kó sì wé e. Mo ti ṣe é rí. Ó fúyẹ́, àmọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ojú okùn àti ọ̀dà

Tí ẹ bá so àwọ̀n mọ́ òrùka bẹ́ẹ̀, okùn tó yí i ká ló máa ń fara ha ògiri pọ́ọ̀ǹdù, pàápàá ti kọnkéré, á sì já láàárín oṣù méjì. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gbẹ́ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ síta òrùka náà yí ká, kó jìn tó sísanra okùn nìkan, kí okùn lè sùn sínú rẹ̀. Igi ti gbẹ báyìí, kò tún ń tẹ̀ mọ́, nítorí náà ọ̀bẹ lè kan ẹ̀yìn rẹ̀ níwọ̀nba. Ẹ má lu ihò sí i. Ihò kan ní ìnṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ihò 44 lára igi tó tó ìka ọwọ́, ẹ ti pa á nìyẹn.

Ẹ fi sánpépà ha gbogbo rẹ̀, ẹ kun fáníìṣì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ọjọ́ kan wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó kan omi ẹja. Epo pupa àti àdín kì í gbẹ lára igi, yíyọ̀ nìkan ni wọ́n máa fi kún èèkù yín. Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì kọndẹ́mù ra igi nítorí ikán. Fún òpó ilé, mo gbà. Fún ohun tó ń wọ inú omi tí ẹja ń mí sí, rárá.

Gbígbé àwọ̀n kọ́ ọ

Ẹ ra àwọ̀n tí ojú rẹ̀ wẹ́, tí kò sì ní kókó ní ìsopọ̀ ojú rẹ̀. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, kókó máa ń bó o lára. Tí ojú àwọ̀n bá sì fẹ̀, ẹ̀gún lẹbẹ́ rẹ̀ á há sí i, ẹ ó wá máa fi almágàájì gé àwọ̀n nítorí ẹja kan ṣoṣo. Kí àpò náà jìn tó bí ìnṣì 16. Ẹ fi okùn lílágbára rán ẹnu rẹ̀ mọ́ òrùka, kí okùn máa bọ́ sínú ọ̀nà tẹ́ ẹ gbẹ́, kí ẹ ta á ní kókó ní gbogbo ìnṣì mẹ́rin-mẹ́rin. Tí ọ̀kan bá já lọ́jọ́ kan, àwọn yòókù á dúró.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lò ó, ẹja kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè fi èèkù gbé e. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wọ́ ọ dé etí pọ́ọ̀ǹdù kí ẹ fi ọwọ́ kejì di òrùka mú kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án, ẹ gbé e kọ́ sí ibòji, kí ẹ sì yí inú àpò rẹ̀ síta. Ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa léfòó lórí omi di ọjọ́ kejì. Èyí tí mo ń lò báyìí ti wọ ọdún kẹta. Mo ti pààrọ̀ àpò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì máa ń kun fáníìṣì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.